Bí a ṣe ń yẹ ilé ìtọ́jú àgbà wò ní Ìlú Ọba fún òbí tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà

Báyìí ló sábà máa ń rí. Ọsibítù pe ọmọ ní Ọjọ́bọ̀ pé ara Màmá ti mókun, wọ́n fẹ́ gba bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n Màmá kò lè padà lọ máa dá gbé mọ́. Ọmọ sáré lọ wo ilé ìtọ́jú kan ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n fún un ní tíì àti bisikíìtì, ó rí òdòdó lórí tábìlì, kò gbóòórùn ìtọ̀, ó bá fọwọ́ síwèé. Ó di oṣù mélòó kan kí ẹbí tó fura pé Màmá ti rù, pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀ fún wọn, àti pé òṣìṣẹ́ tó ń wà níbẹ̀ lóru kò tó nǹkan.

Ohun tó ń kó bá wa ni pé à ń wo ilé ìtọ́jú bí ẹni tó ń wá yàrá háyà: kápẹ́ẹ̀tì, fèrèsé, ọgbà. Ẹni tí ìgbàgbé ń ṣe kò lè ròyìn lọ́la ohun tí ojú rẹ̀ rí lónìí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni gbogbo àyẹ̀wò yìí dúró lé: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí ẹni tí kò lè sọ tẹnu rẹ̀ mọ́, ní wákàtí tí àlejò kò sí níbẹ̀?

Ètò ilẹ̀ England ni mo tẹ̀ lé níbí. Bí òbí yín bá wà ní Scotland, Wales tàbí Northern Ireland, ọ̀nà tí ẹ ó gbà wo ilé náà kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n òfin owó àti àjọ alábòójútó yàtọ̀. Ní ti àwọn tí yóò máa pè láti Nàìjíríà pé ẹ fẹ́ lọ ju ìyá sí ilé arúgbó, ẹ kí wọn, ẹ gbọ́ wọn tán, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó jáde nílé

- Àyẹ̀wò àìní láti ọ̀dọ̀ káńsù. Òfin Care Act 2014 fi dandan lé e fún káńsù láti ṣe é fún ẹnikẹ́ni tó bá jọ pé ó nílò ìtọ́jú. Ọ̀fẹ́ ni, yálà ẹni náà lówó tàbí kò lówó. Ẹ sọ fún wọn lórí fóònù pé needs assessment ni ẹ ń béèrè, kí wọ́n má baà yí yín sí ibòmíràn.
- Ìwé àṣẹ aṣojú, ìyẹn Lasting Power of Attorney. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan fún owó àti dúkìá, ọ̀kan fún ìlera àti ìtọ́jú. Kò ṣiṣẹ́ títí àjọ ìjọba tó ń jẹ́ Office of the Public Guardian yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.
- Orúkọ gbogbo oògùn tí Màmá ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí dókítà fi sọ irú àrùn ìgbàgbé tó jẹ́.
- Ìwé kan tó sọ ẹni tí Màmá jẹ́: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, orúkọ àwọn ọmọ, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Alzheimer's Society ní fọ́ọ̀mù ọ̀fẹ́ fún un, This is me ni orúkọ rẹ̀.
- Ẹni kejì tí yóò bá yín lọ. Ẹnì kan á máa bá máníjà sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á máa fojú wòye.

Ẹ ṣọ́ra: ọ̀pọ̀ ẹbí wa ló gbà pé àkọ́bí tàbí ọmọkùnrin àgbà ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Òfin Ìlú Ọba kò mọ ipò yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò fún next of kin láṣẹ láti pinnu fún àgbàlagbà. Bí kò bá sí ìwé àṣẹ, tí ọpọlọ Màmá kò sì gbé e mọ́ láti fọwọ́ sí i, Court of Protection, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lè pinnu fúnra rẹ̀ mọ́, ni ẹ ó gbà lọ kí ẹ tó lè máa darí owó wọn, ọ̀nà yẹn gùn, ó sì gbówó lórí. Bí àrùn náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe ìwé àṣẹ yìí ṣáájú ohun gbogbo.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú ilé tí Màmá nílò

Irú ilé méjì ló wà. Residential home ní àwọn kẹ́rà tí ń wẹ̀ fún èèyàn, tí ń bọ́ ọ, tí ń fún un lóògùn, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì tó ń gbé ibẹ̀. Nursing home ní nọ́ọ̀sì tọ̀sán-tòru. Àrùn ìgbàgbé nìkan kì í sọni di ẹni nursing home. Ohun tó máa ń sọni dà á ni egbò tí kò jinná, oúnjẹ tí ọ̀nà ọ̀fun kò gbà mọ́, wárápá tí oògùn kò kápá, ìwà jàgídíjàgan tó nílò ojú nọ́ọ̀sì, tàbí oògùn tí kẹ́rà kò lè fúnni.

Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sán àti ní òru sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà mélòó ni Màmá ń dìde lóru? Èèyàn mélòó ló ń gbé wọn dìde? Ṣé wọ́n máa ń lu ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ wọn? Ẹ má fi ìtìjú bò ó. Ilé tó gba Màmá láìmọ̀ pé wọ́n ń jà ló máa ń ní kí ẹ wá gbé wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ka ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ fún social worker tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ Màmá. Bí ẹnu yín kò bá kò lórí irú ilé tó yẹ, ẹ má tíì lọ wo ilé kankan.

Ìpele 2: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ owó kí ojú tó rí ilé tó wù ú

Bí ìpamọ́ àti dúkìá Màmá bá ju £23,250 lọ, àpò wọn ni gbogbo owó ilé ìtọ́jú yóò ti máa jáde. Bí ó bá wà láàárín £14,250 sí £23,250, káńsù á dá sí i, Màmá náà á sì máa san apá tiwọn. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ £14,250, wọn kò ní ka ìpamọ́ náà sí mọ́, owó tó ń wọlé bíi pẹ́ńṣàn ni wọn yóò wò.

Ilé tí Màmá ń gbé wà nínú ìṣirò yìí, àyàfi bí ọkọ wọn bá ṣì ń gbé inú rẹ̀, tàbí mọ̀lẹ́bí tó ti pé ọmọ 60 ọdún. Bí ìpamọ́ yòókù kò bá kọjá ààlà, wọn kò ní ka ilé náà fún ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́ tí Màmá bá wọlé láti máa gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè béèrè deferred payment: káńsù á máa san owó, wọn yóò sì gbà á padà lára ilé nígbà tí wọ́n bá tà á. Kò pọn dandan kí ẹ sáré ta ilé.

Ilé tí Màmá kọ́ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú ńkọ́? Ohun ìní tó wà lókè òkun náà wà nínú ohun tí wọ́n ń béèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ní, ẹ wá ìwé tó fi bẹ́ẹ̀ hàn, kí ẹ sì bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Kí ẹ máa sáré yí ilé sí orúkọ ọmọ nígbà tí àìsàn ti dé kò lè gbà yín: káńsù lè sọ pé ẹ fi dúkìá sá ni, kí wọ́n sì máa ṣírò bí ẹni pé Màmá ṣì ni wọ́n ni ín.

Owó méjì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè. Àkọ́kọ́ ni NHS Continuing Healthcare. Bí àìsàn bá ti di ohun tó gba ìtọ́jú ìṣègùn ju ìtọ́jú lásán lọ, NHS ló ń san gbogbo owó ilé ìtọ́jú, wọn kì í sì í béèrè èló ni ẹni náà ní. Ẹ ní kí ọsibítù ṣe Checklist rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ lórí ìwé. Ìkejì ni ti ẹni tí wọ́n ti fi section 3 ti òfin Mental Health Act dá dúró ní ọsibítù rí: section 117 sọ pé ìtọ́jú tó bá tẹ̀ lé e nítorí àìsàn ọpọlọ náà kò gbọdọ̀ ná an lówó.

Ẹ ṣọ́ra: bí káńsù bá ń san owó, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ilé kan hàn yín tí owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ká, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi kún un. Àfikún tí àwọn ọmọ ń san, top-up, kì í ṣe dandan bí ẹ kò bá yan ilé tó wọ́n ju ìyẹn lọ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ méjì nítorí àfikún tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n san. Bí Màmá bá sì wọ Ìlú Ọba lórí físà tí ọmọ fi tọwọ́ bọ̀wé pé òun ni yóò máa gbọ́ bùkátà wọn, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kí ẹ tó béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti lè sọ iye tí ẹ lè san lọ́sẹ̀ àti ọdún mélòó tí owó náà yóò fi tó.

Ìpele 3: Ẹ ka ìròyìn CQC bí ó ṣe yẹ

Care Quality Commission (CQC), àjọ alábòójútó, ló ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ní England. Ipò mẹ́rin ni wọ́n ń fúnni: Outstanding ló ga jù, Good tẹ̀ lé e, Requires improvement sọ pé àtúnṣe kù, Inadequate sọ pé kò dára rárá. Orí ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n gbé e kà: ṣé ibẹ̀ kò léwu, ṣé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n láàánú, ṣé wọ́n ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn, ṣé olórí mọ iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á rí Good, wọ́n á sì pa á dé. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lórí ìròyìn náà. Good tó ti pẹ́ ọdún mẹ́rin ń sọ̀rọ̀ nípa máníjà tó lè ti lọ àti òṣìṣẹ́ tó ti tú ká. Lẹ́yìn náà, ẹ ka abala Safe (ṣé ibẹ̀ kò léwu) àti Well-led (ṣé olórí mọ iṣẹ́) tinú-tẹ̀yìn. Bí ìròyìn méjì tó tẹ̀ léra bá sọ ohun kan náà nípa oògùn tí wọ́n ṣì fún èèyàn tàbí òṣìṣẹ́ tí kò tó, ilé náà kò kọ́ ẹ̀kọ́. Ilé tó ní Requires improvement lọ́dún tó kọjá, tí máníjà tuntun sì ń tún un ṣe, lè sàn ju Good tó ti di àkísà.

Òfin sọ pé ilé gbọ́dọ̀ ní registered manager, máníjà tí CQC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè iye máníjà tó ti kọjá níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ tún wo ipò ìmọ́tótó oúnjẹ ilé náà lórí ìkànnì Food Standards Agency, láti 0 dé 5. Ilé àgbà tí kò ní 4 tàbí 5, kí ni wọ́n ń sè?

Ìpele 4: Ẹ bi àwọn èèyàn wa

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ẹ wà, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kẹ́rà fún ajẹ́nsì kò ní wọ́n. Ajẹ́nsì ń rán wọn láti ilé dé ilé, nítorí náà wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti ń sin àgbà bí èèyàn àti èyí tí wọ́n ti ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìtọ̀. Ẹ má bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè kan tó: «Bó bá jẹ́ ìyá yín ni, ṣé ẹ ó gbé wọn síbẹ̀?» Ẹ wo ojú wọn kí wọ́n tó dáhùn.

Ìpele 5: Ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò tí wọ́n ń retí

Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ máníjà. Ohun tí ẹ ń wá ni ìdáhùn tó ní iye, tó ní àpẹẹrẹ. Ìdáhùn bíi «a máa ń tọ́jú wọn bí ẹbí» kì í ṣe ìdáhùn.

Òṣìṣẹ́ mélòó ló ń wà lóru, fún èèyàn mélòó? Kò sí òfin tó dá iye kan pàtó ní England, nítorí náà ẹ gba iye náà lẹ́nu wọn, kí ẹ sì ṣírò rẹ̀. Bí ẹni méjì bá wà fún ogún èèyàn, tó sì gba ẹni méjì láti yí ẹnì kan padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ló ń gbọ́ agogo àwọn mọ́kàndínlógún yòókù?

Mélòó nínú wọn ló jẹ́ ti ajẹ́nsì? Kẹ́rà ajẹ́nsì lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé bí Màmá bá ń fa etí aṣọ, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n.

Ta ni ẹ ní kó kúrò níbí kẹ́yìn, kí ló sì fà á? Ìdáhùn yìí ló ń fi ibi tí sùúrù wọn pin sí hàn yín.

Èèyàn mélòó níbí ló ń lo oògùn tó ń mú ọpọlọ wálẹ̀, ta ló sì ń tún un yẹ̀ wò? Ìwé àṣẹ risperidone, bí àpẹẹrẹ, fún ìwà jàgídíjàgan nínú Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, kò kọjá ọ̀sẹ̀ 6. Bí máníjà bá sọ pé àwọn kan ti ń lò ó fún ọdún láìsí àtúnyẹ̀wò, oògùn ni wọ́n fi rọ́pò òṣìṣẹ́.

Kí ẹ wá fi ọ̀rọ̀ gidi dán wọn wò: «Màmá mi jẹ́ ìyálọ́jà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n á dìde pé àwọn fẹ́ lọ palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á sì máa fa ilẹ̀kùn. Kí lẹ ó ṣe?» Ìrọ̀lẹ́ ni ìdààmú máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ pé àwọn á bá Màmá rìn díẹ̀, àwọn á béèrè ohun tí wọ́n ń tà, àwọn á fún wọn láṣọ ká tàbí kí wọ́n kó nǹkan jọ. Ẹni tó bá ní «a ó sọ fún wọn pé kò sí ọjà níbí» tàbí «ilẹ̀kùn wa ní kọ́kọ́rọ́» kò tíì mọ ohun tí àrùn yìí jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra: máníjà lè mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ bi kẹ́rà tí ẹ bá pàdé ní kọ́rídọ̀ ní ìbéèrè ìyálọ́jà yìí kan náà.

Ìpele 6: Ẹ padà lọ láìsọ tẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá máa fo ìpele kan, kó má ṣe jẹ́ èyí. Ẹ lọ ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè, láàárín aago márùn-ún sí méje ìrọ̀lẹ́, nígbà tí máníjà ti relé. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ tún yàrá náà wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wọlé nítorí pé àrùn tó ń ràn wà nílé, ìdí wà níbẹ̀, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí wọ́n bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsí ìdí, ẹ ti rí ìdáhùn.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ má rìn káàkiri. Ẹ wá àga jókòó ní pálọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ẹ yan ẹnì kan tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, bóyá ẹni tó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga, kí ẹ máa wò ó láìtẹjú mọ́ ọn jù. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bá gbogbo èèyàn tàkúrọ̀sọ, gbogbo ilé ni wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ni ìwọ̀n yín.

Ìgbà mélòó ni òṣìṣẹ́ sún mọ́ ọn? Ṣé wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn bá tirẹ̀ dọ́gba, àbí orí rẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ gbà láàárín ara wọn nípa ẹni tó ń bọ̀ wá gba iṣẹ́? Kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ gbé e kúrò lórí àga, ṣé wọ́n sọ fún un? Nígbà tí wọ́n ń bọ́ ọ, ṣé wọ́n jókòó, ṣé wọ́n dúró de kó gbé e mì, àbí wọ́n wà lórí ìnàró tí ṣíbí kejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà? Omi ńkọ́? Kí jọ́ọ̀gì omi wà nínú yàrá kò tó. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni sì ń gbé ife sí i lẹ́nu? Ẹni tí ìgbàgbé ń ṣe máa ń gbàgbé òùngbẹ, àìmu omi sì wà lára ohun tó ń fa àkóràn ìtọ̀ àti ìdàrúdàpọ̀ òjijì tó ń gbé àgbà lọ sí ọsibítù.

Bí agogo bá dún, ẹ wo aago yín. Bí ẹnì kan bá ń pe «nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì», ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ wo èékánná ọwọ́, irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin, bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu, gíláàsì ojú tó mọ́. Nǹkan kéékèèké wọ̀nyí kò ṣe é palẹ̀ mọ́ lójijì nítorí àlejò.

Ẹ wá wo ilé fúnra rẹ̀. Ṣé àwòrán wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ṣé àwọ̀ ìjókòó ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ògiri, kí ojú àgbà lè rí i? Ilẹ̀ tó ń dán dà bí omi lójú wọn, kápẹ́ẹ̀tì alámì dúdú sì dà bí kòtò, èèyàn lè ṣubú níbi tó ti ń yẹ̀ ẹ́. Ṣé Màmá lè jáde sí ọgbà fúnra wọn, àbí àwòrán ìwé ìpolongo lásán ni ọgbà náà? Ní ti òórùn: ìtọ̀ níbi kan, níṣẹ̀ẹ́jú kan, kò ṣe nǹkan kan. Òórùn tó ti wọ inú kápẹ́ẹ̀tì ló ń sọ̀rọ̀. Lọ́fínńdà tó le jù náà ń sọ̀rọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹ tó délé, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ ohun mẹ́ta tí ẹ rí sílẹ̀ láìfi han ara yín. Bí ohun tí ẹ kọ bá takora, ẹ padà lọ.

Ìpele 7: Àwọn ìbéèrè tí ìwé òyìnbó kì í kọ fún wa

Bí àrùn náà ṣe ń le, èdè tí èèyàn kọ́ nígbà tó dàgbà sábà máa ń ṣá ṣáájú èdè àbínibí. Màmá tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní London fún ọgbọ̀n ọdún lè jí lọ́jọ́ kan kó má sí ju Yorùbá lọ lẹ́nu wọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń sọ ìsọkúsọ. Ẹ béèrè bóyá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá wà, ọ̀sán tàbí òru. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e lórí, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Ẹ ṣe páálí kan tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá: omi, ebi ń pa mí, mo fẹ́ tọ̀, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi. Ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí òyìnbó fi lè pè é, pẹ̀lú ìtumọ̀, kí ẹ sì gba ohùn yín sílẹ̀ sórí fóònù fún wọn. Ilé tó bá fi ayọ̀ gbà á yàtọ̀ sí ilé tó ní «a máa rí i».

Orúkọ ńkọ́? Bí ọmọdé kẹ́rà bá ń pe ẹni ọgọ́rin ọdún ní orúkọ àbísọ wọn gan-an, Màmá lè kọ etí dídi sí i, wọ́n á ní kò gbọ́ràn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìtọ́jú pé «Mama» tàbí orúkọ ọmọ wọn ni kí wọ́n máa pè wọ́n. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé obìnrin nìkan ni kó wẹ̀ fún Màmá, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Fún Mùsùlùmí, ẹ béèrè bí ẹran hàlál ṣe ń wọlé àti ẹni tí yóò bu omi àlùwàlá.

Awọ ara ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ rò lọ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí kẹ́rà àgbà: «Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé egbò ìdùbúlẹ̀ ń bọ̀ lára aláwọ̀ dúdú?» Bí ó bá ní òun ń wò bóyá ó pọ́n, ewu wà: ara dúdú kì í sábà pọ́n kó hàn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ pé òun ń fọwọ́ bà á bóyá ó gbóná, bóyá ó le tàbí ó rọ̀ ju ibi tó yí i ká, bóyá ó ṣókùnkùn sí i, bóyá Màmá ń yẹra nígbà tí ọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹ béèrè ta ni yóò fi ìpara pa ara wọn lẹ́yìn ìwẹ̀ lójoojúmọ́, àti ta ni yóò ṣe irun wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni yóò máa wá dì í, ẹ sọ ọjọ́.

Oúnjẹ: ilé kan á gba ọbẹ̀ láti ilé, ilé mìíràn kò ní gbà. Ẹ béèrè ìlànà wọn lórí ìwé. Kí ẹ tó gbé ẹ̀bà tàbí iyán lọ fún ẹni tí oúnjẹ ti ń há lọ́fun, ẹ bi speech and language therapist, onímọ̀ tó ń yẹ bí èèyàn ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Ìwọ̀n IDDSI, láti 0 dé 7, ni wọ́n fi ń sọ bí oúnjẹ àti ohun mímu ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tàbí kí ó ki tó. Òkèlè tó lẹ̀ lè di ikú. Ọmọ tó fi ìfẹ́ bọ́ ìyá lẹ́yìn ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ìpele 8: Ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí wọ́n ń fi owó kún owó àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, ohun tó wà nínú owó ọ̀sẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi irun àti àbójútó ẹsẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà nígbà tí Màmá bá wà ní ọsibítù, àti ọjọ́ mélòó tí wọ́n ń gba owó lẹ́yìn ikú. Ìbéèrè tó ń kọni lóminú jù ni ti ọjọ́ tí ìpamọ́ bá já sísàlẹ̀ £23,250: ṣé ilé náà yóò gba iye tí káńsù ń san, àbí Màmá yóò tún kó ẹrù? Ẹ gba ìdáhùn yẹn lórí ìwé.

Ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá fọwọ́ sí i ní orúkọ ara yín, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí aṣojú Màmá, gbèsè náà lè di tiyín.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ gbé Màmá kúrò, àti ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí.

Ìpele 9: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkókò ìdánwò bí wọ́n bá gbà. Lọ́jọ́ tí Màmá bá wọlé, ẹ ní kí wọ́n wọn ìwọ̀n ara wọn níṣojú yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa béèrè rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ya gbogbo aṣọ, ìyẹ́tí àti eyín àtọwọ́dá ní fọ́tò, ẹ kọ orúkọ sára aṣọ. Ìlẹ̀kẹ̀ àti góòlù kí ó wà nílé.

Bí Màmá kò bá lè jáde fúnra wọn, tí ọpọlọ wọn kò sì gbé e láti gbà bẹ́ẹ̀, ilé gbọ́dọ̀ béèrè àṣẹ Deprivation of Liberty Safeguards, àṣẹ láti má jẹ́ kí wọ́n jáde, lọ́wọ́ káńsù. Kì í ṣe ẹ̀sùn, ààbò ni. Ẹ béèrè ta ni aṣojú tí wọ́n yàn lábẹ́ rẹ̀, ọmọ lè jẹ́ ẹ.

Ẹ máa yí àkókò ìbẹ̀wò padà, kí àwọn ọmọ pín in: ẹnì kan lówùúrọ̀ Túsìdeè, ẹnì kan nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti sọ ọ́ pé ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àlejò wọlé, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé náà burú, ojú ilẹ̀ tuntun ló ń dààmú wọn. Ohun tó yẹ kó kó yín láyà sókè ni ara tó ń rù, ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé, oorun àsùnwọra lọ́sàn-án, tàbí kí Màmá máa fà sẹ́yìn bí òṣìṣẹ́ kan pàtó bá wọlé.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí máníjà. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, àjọ olómìnira tó ń jẹ́ Local Government and Social Care Ombudsman ń gbọ́ ẹ̀sùn, títí kan ti àwọn tó ń fi owó ara wọn san. CQC kì í yanjú ẹ̀sùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn, nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló máa ń mú kí wọ́n lọ yẹ ilé wò. Bí ó bá jọ pé wọ́n ń lu Màmá tàbí wọ́n ń pa wọ́n tì, ẹ má dúró de lẹ́tà kankan: ẹ pe ẹ̀ka safeguarding káńsù, tó ń dáàbò bo àgbàlagbà, lọ́jọ́ náà, tàbí 999 bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀.